Igi Máńgòrò Yín Kò Yàgàn

Bí èèyàn bá gba àárín àwọn àdúgbò tó wà láti Ìbàfò dé Mowé, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kọjá nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, yóò rí máńgòrò lẹ́yìn fẹ́ǹsì tí òdòdó ti bo orí rẹ̀ pátápátá. Onílé á máa wò ó, inú rẹ̀ á dùn, á ti máa ka iye tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ní Èkó. Tó bá di oṣù Igbe, igi kan náà á dúró pẹ̀lú ewé tútù yọ̀yọ̀, èso tó wà lórí rẹ̀ kò ní kún abọ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní ayé ló fojú burúkú wò ó. Ẹlòmíì á ní igi náà ti yàgàn, kí wọ́n pe onígẹdú kó wá gbé e lulẹ̀, kí wọ́n fi ojú ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ igi tó ṣì lè so fún ogún ọdún sí i ló ti bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí.

Igi náà kò yàgàn. Èso tí à ń wá lórí rẹ̀ ní oṣù Igbe, láti oṣù Bélú sí Èrèlé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Èyí tó tún ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ohun tí kò jẹ́ kí igi ilé tèmi so lè wà nínú ọgbà ilé tiyín.

Kí a ti orí máńgòrò bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́gbà wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lé máńgòrò tanná. Lẹ́yìn tí òjò àrọ̀kúrò bá ti dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ ń gbẹ, tí ọyẹ́ sì ń mú kí òru tutù, ẹ̀ka tó ti gbó tí kò sì hu ewé tuntun fún oṣù bíi mélòó kan á sinmi, òdòdó á wá yọ lórí rẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀ dáadáa nínú oṣù Ọ̀pẹ, ewé pupa rírọ̀ ni igi náà sábà máa ń yọ dípò òdòdó. Ẹ wo máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kàwéè, tàbí níbi tí omi ìfọṣọ ń ṣàn sí. Ewé rẹ̀ máa ń dán ní gbogbo ọdún, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé igi tó sanra tó báyìí kò so. Omi tí kò jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló fà á. Ìgbẹ́ adìyẹ tí a ń dà sí ìdí rẹ̀ bàǹtà-banta nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ewé ló ń bọ́, òdòdó kì í jẹ níbẹ̀.

Bí òdòdó bá tilẹ̀ yọ, ọ̀nà ṣì jìn. Ìdì òdòdó máńgòrò kan ṣoṣo lè ru ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó, ó sì lè lé ní ẹgbẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ akọ tí kò lè di èso láéláé. Ìyókù, tó ní akọ tó sì ní abo lára, ń retí kí eṣinṣin tàbí kòkòrò mìíràn gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wá bá wọn. Èso kan tàbí méjì ló sábà máa ń gbó lórí ìdì kan, ọ̀pọ̀ ìdì sì wà tí kò ní mú ẹyọ kan. Nítorí náà, kí òdòdó rẹ̀ dànù kì í ṣe àrùn. Àrùn ni èyí tó ń sọ gbogbo ìdì náà di dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á rún.

Anthracnose ni àwọn onímọ̀ ń pe àrùn náà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Colletotrichum ló ń fà á, ọ̀rinrin ló sì ń fún un lágbára. Kùrukùru òwúrọ̀, ìrì tó pẹ́ lórí òdòdó, òjò tó ṣèèṣì rọ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ ni ó ń rí lò. Ẹni tó bá ń gbé Mowé tàbí Ìbàfò mọ kùrukùru tó máa ń bo ọ̀nà márosẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn awakọ̀ fi ń tan iná mọ́tò. Odò Ògùn kò jìnnà sí wa, ọ̀sà Èkó náà kò jìnnà. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa kì í gbẹ táútáú bíi ti apá òkè. Ìdí kan nìyí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi ń kó máńgòrò wá sí Kétu àti Máìlì 12 láti Bẹ́núè àti ilẹ̀ Hausa nígbà tí igi ń bẹ lẹ́yìn ilé wa. Ọdún tí ọyẹ́ bá mú gidi, tí ètè ń la, tí ara ń funfun, ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ fún máńgòrò apá ibí. Ọdún tí ọyẹ́ bá kàn yọjú tó sì padà lọ, kí a má retí púpọ̀.

Ọdún ìsinmi tún wà, èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà gbọ́ rárá. Igi tó so àsodabọ̀ lésìn-ín lè má so nǹkan kan lọ́dún yìí. Bí abiyamọ tó ń fún ìbejì lọ́mú ni igi tó ru èso púpọ̀: gbogbo ohun tó ń jẹ, àwọn ọmọ ló ń bá a jẹ ẹ́. Ṣúgà tí ewé ṣe ti wọ inú èso tán, èyí tó yẹ kó wà nípamọ́ nínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò fún òdòdó ọdún tó ń bọ̀ kò sí mọ́. Hóró inú èso náà sì tún máa ń tú èròjà kan jáde tó ń dènà kí òdòdó tuntun pilẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ẹ̀ka tó so èso gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hu ewé tuntun, kí ewé náà gbó, kó tó tún lè tanná. Bí èso bá pẹ́ lórí igi títí wọ àárín òjò, àyè kì í tó fún un. Kí èèyàn ká èso díẹ̀ kúrò lọ́dún tó bá pọ̀ jù, kó sì tètè ká ìyókù bó bá ti gbó, ó máa ń dín ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọdún méjèèjì kù.

Àwọn kan máa ń fi àdá ṣá ara igi tí kò so, wọ́n á ní àwọn ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn lóòótọ́, ohun tó sì fà á kò fara sin. Èèpo igi ni ṣúgà ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ewé lọ sí gbòǹgbò. Bí àdá bá gé èèpo náà, ṣúgà á há sókè nínú ẹ̀ka, òdòdó á rí oúnjẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ yẹn náà ni ikán àti àrùn ń gbà wọlé, bí ọgbẹ́ náà bá sì yí igi po, igi á kú. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dán an wò. Ní ilẹ̀ Philippines, èéfín ni àwọn àgbẹ̀ ń dá sábẹ́ máńgòrò láyé àtijọ́ kó lè tanná, títí di nǹkan bí ọdún 1970 sí i tí onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà kan, Ramon Barba, fi hàn pé omi tí wọ́n po potassium nitrate mọ́, tí wọ́n fín sórí ewé tó ti gbó, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ kíyè sí i pé ewé tó ti gbó ni. Kò sí oògùn tó lè mú kí ẹ̀ka tó rẹ̀, tí ewé rẹ̀ ò tíì gbó, tanná.

Ti ọsàn yàtọ̀. Lápá Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ọsàn ló pọ̀ lẹ́yìn ilé àwọn àgbà, kódà ọ̀kan nínú irú ọsàn tí NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso ní Ìbàdàn, ń gbà wá níyànjú láti gbìn ń jẹ́ Agége 1, orúkọ ìlú tó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Ìfọ̀. Òùngbẹ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń múra ọsàn sílẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò ló ń jí i. Bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ nínú oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, òórùn òdòdó ọsàn á gba gbogbo àdúgbò. Wàhálà wà nínú ọdún tí àkọ́rọ̀ bá tan igi jẹ: òjò kan á rọ̀, gbogbo òdòdó á yọ, lẹ́yìn náà oòrùn á ràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹ̀kán omi. Ọmọ èso tí kò tíì ju hóró àgbàdo lọ á rẹ̀ sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Inú irú oòrùn yẹn gan-an ló yẹ kí a bu omi sí ìdí ọsàn, ní àṣálẹ́, kí a sì fi ewé gbígbẹ bò ó. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pẹ̀lú ọjọ́ tí òjò á bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Onílé tó ní igi ọsàn méjì náà lè lò ó, kì í ṣe àgbẹ̀ ńlá nìkan.

Ìbẹ́pẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn, akọ ni. Kò ní so bó ti yẹ láé. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún àwọn abo, kí ẹ gé ìyókù. Àgbálùmọ̀ tí a fi hóró gbìn sì lè gbà ju ọdún méje lọ kó tó so rárá, nítorí náà ẹni tó gbìn ín nígbà tó ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ní láti fara balẹ̀.

Píà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ló jẹ́ kí n lóye ọ̀rọ̀ àdúgbò tí mo sọ lókè. Òdòdó píà ní akọ àti abo nínú ara kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í jí pa pọ̀. Òdòdó kan á kọ́kọ́ ṣí gẹ́gẹ́ bí abo, á padé, lọ́jọ́ kejì á tún ṣí gẹ́gẹ́ bí akọ. Oríṣi igi méjì ló sì wà. Òdòdó ti àkọ́kọ́ máa ń ṣe abo láàárọ̀, á wá ṣe akọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ti èkejì á ṣe abo lọ́sàn-án, á wá ṣe akọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí já sí pé nígbà tí òdòdó igi kan bá ń wá lẹ́búlẹ́bú, igi oríṣi kejì ló ní in lọ́wọ́ tó pọ̀ tó. Píà kan ṣoṣo lè so díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá da àkókò òdòdó rú, ṣùgbọ́n igi méjì tó yàtọ̀ síra, tí oyin lè fò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ló ń so sósò. Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́sítéètì. Bàbá kan ń jẹ píà lọ́gbà rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ ta ilẹ̀, ẹni tó rà á gé píà tó wà níbẹ̀ kó lè kọ́ ilé alájà. Láti ìgbà náà, igi bàbá ń tanná lọ́dọọdún, òdòdó ń rẹ̀. Ajílẹ̀ kò ní yanjú rẹ̀, àdúrà tí a gbà sí ìdí igi náà kò ní gbé igi kejì padà.

Ilẹ̀ tí à ń gbé yìí, oko ni kó tó di ilé. Ìbàfò àti Mowé wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ọ̀fàdà tí ìrẹsì rẹ̀ gbajúmọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1978, díẹ̀díẹ̀ ni oko bẹ̀rẹ̀ sí í di púlọ́ọ̀tì. Katapílà ló ń kọ́kọ́ wọ ilẹ̀, ó sì máa ń gbá erùpẹ̀ dúdú òkè, tí í ṣe oúnjẹ igi, lọ pẹ̀lú igbó. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ omi, wọ́n á fi yanrìn dí i. Lẹ́yìn náà ni fẹ́ǹsì, kọnkéré àti ìńtálọ́ọ̀kì á bo gbogbo ẹsẹ̀ igi, tí gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Àwókù búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìdí ọsàn máa ń há èròjà irin àti zinc mọ́ ọn lọ́wọ́, ewé á pọ́n, iṣan ewé nìkan ni yóò tutù. Ní apá ibi tí odò Ògùn ń kún sí, omi lè dúró ní ìdí igi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Máńgòrò lè fara da ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Píà kò lè fara dà á: gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, igi á máa rọ láti òkè wá. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń yọ omi kó gbìn ín sórí ebè gíga, tàbí kó má gbìn ín rárá.

Igbó tó lọ náà bá nǹkan lọ. Ihò igi tí oyin ń gbé, koríko olódòdó tí eṣinṣin ń jẹ nígbà tí máńgòrò kò tíì tanná, gbogbo rẹ̀ ti di ìńtálọ́ọ̀kì. Nígbà tí òdòdó bá wá yọ, ẹnìkan á fín oògùn apakòkòrò sí gbogbo ọgbà nítorí ẹ̀fọn, á sì pa àwọn kòkòrò tó yẹ kí wọ́n sọ òdòdó di èso.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ kòkòrò tí mò ń sọ yìí ti pọ̀ jù. Kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbègbè wa níhìn-ín. Ní nǹkan bí ọdún 1981 sí 1982, kòkòrò funfun kan tí ara rẹ̀ kún fún ẹ̀fun yọ sí ara máńgòrò ní Tógò àti Gánà. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n rí nílẹ̀ Áfíríkà. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, ó ń fa oje igi, omi dídùn tó sì ń tọ̀ ń kán sórí ewé tó wà nísàlẹ̀ títí ebu dúdú fi bò wọ́n, tí oòrùn kò ráyè dé ara ewé mọ́. Igi tó bá mú kì í tanná. Ó dé Bẹ̀nẹ̀, ó dé Nàìjíríà, ó sì ń bá ọsàn àti gbẹ̀rẹ̀fútù náà jà. Igi ojúlé ló jìyà rẹ̀ gan-an, nítorí inú ìlú ni ó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Àwọn kan fín oògùn títí, àwọn kan gé igi wọn.

Lọ́dún 1986 ni onímọ̀ kan, D. J. Williams, fún kòkòrò náà lórúkọ: Rastrococcus invadens. Gúúsù Éṣíà ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀, máńgòrò ń so bó ṣe wù ú, nítorí kòkòrò náà ní ọ̀tá tirẹ̀ nílé. Wọ́n wá ọ̀tá náà lọ sí Íńdíà, wọ́n rí agbọ́n kan tó kéré débi pé ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí i, Gyranusoidea tebygi. Inú ara kòkòrò funfun náà ni ó ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní Tógò lọ́dún 1987, ó dé Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 1988 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, wọ́n tún fi irú agbọ́n kejì kún un lẹ́yìn náà. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, máńgòrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í so. Nígbà tí Bokonon-Ganta àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ní máńgòrò ní Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2002, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé èrè tó tibẹ̀ wá tó dọ́là 328 lọ́dún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gé igi wọn kò rí nínú rẹ̀.

Mo ka ìtàn yìí sí pàtàkì ju gbogbo oògùn tí wọ́n ń tà lójà lọ, nítorí pé agbọ́n náà kò mọ fẹ́ǹsì. Ó wo igi olówó, ó wo igi aláìní, ó wo èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti èyí tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí. Ibi tí wọ́n sì ń fín oògùn lóòrèkóòrè, agbọ́n náà ni wọ́n ń pa.

Ìyà ti ìsinsìnyí ni eṣinṣin èso. Èyí tó le jù nínú wọn, Bactrocera dorsalis, Éṣíà ni òun náà ti wá. Ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2003, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó ń gún èso tó ń pọ́n bọ̀, á yé ẹyin sábẹ́ èèpo, ìdin á jẹ inú rẹ̀, èso á já. Èso tó já yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ìdin á jáde lára rẹ̀, á wọ inú erùpẹ̀ díẹ̀, á yí padà di eṣinṣin tuntun, á sì fò lọ sórí igi aládùúgbò. Ilé kan tó fi máńgòrò jíjẹrà sílẹ̀ ní ìdí igi ń sin eṣinṣin fún gbogbo òpópónà. Kí a máa ṣa wọ́n lójoojúmọ́, kí a dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, kí a so ó pinpin, kí a gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí ìdin inú rẹ̀ fi kú. Kí a máa dà wọ́n sẹ́yìn fẹ́ǹsì kò yanjú nǹkan kan.

Àwọn èèrà pupa tí ń fi ewé rán ilé lórí igi tún wà, àwọn tí ń géni jẹ bí a bá gun máńgòrò. Karosíìnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà sí wọn lórí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú oko máńgòrò lágbègbè Parakou ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 2007, fi hàn pé ibi tí èèrà wọ̀nyí bá pọ̀ sí, eṣinṣin kì í fi bẹ́ẹ̀ ba èso jẹ́, nítorí wọ́n ń lé e dànù kó tó yé ẹyin. Ẹ fara da ìgéjẹ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ká èso, eérú díẹ̀ tí ẹ bá fọ́n sórí ẹ̀ka á lé wọn sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa ń ṣèpàdé lórí tránsífọ́mà, lórí ọlọ́dẹ, lórí ọ̀nà tí òjò ti gbá lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ igi kún un kí oṣù Bélú tó dé, nígbà tí ó ṣì ṣe é ṣe. Kí wọ́n béèrè ẹni tó ní píà àti irú èyí tó ní, kí ẹni tó fẹ́ gbin tuntun lè mú oríṣi kejì. Kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò ní fín oògùn apakòkòrò láàárọ̀ nígbà tí igi bá ń tanná. Kí wọ́n gé ẹ̀ka tó ti kú àti èyí tó dí inú máńgòrò lẹ́yìn ìkórè, kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ìrì orí òdòdó kí àrùn tó mú un, kí wọ́n sì sun ìdì dúdú ti ọdún tó kọjá, nítorí inú rẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń sùn sí. Ará Ìfọ̀ tó fẹ́ irúgbìn tó dára lè gba ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ sí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ FUNAAB. Ará Mowé lè bá ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí NIHORT ní Ìbàdàn, kó béèrè igi tí wọ́n so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò mìíràn, tí yóò so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí onílé kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí òjò kẹ́yìn rọ̀ sí, ọjọ́ tí òdòdó yọ, ọjọ́ tí kùrukùru bò wá mọ́lẹ̀, àti iye agbọ̀n tó ká. Tí ọdún àìso bá dé, ìwé yẹn ni kó kọ́kọ́ ṣí kó tó ránṣẹ́ pe onígẹdú.